Ihò tí wọ́n ní ó kan ọ̀run àpáàdì: ta ló gbọ́ igbe yẹn gan-an?

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ lọ́jọ́ Sátidé náà ni mo kọ síbí, torí àwọn tí ò ráyè wá ò jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹ rántí téèpù yẹn, àbí? Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n fi í sí i fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kásẹ́ẹ̀tì tó ti fẹ́ máa há, ariwo bí ìgbà tí ọjà ń jóná tí èrò wà nínú ẹ̀, wọ́n ní àwọn ará Rọ́ṣíà ló ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Siberia, wọ́n gbẹ́ ẹ dé kìlómítà mẹ́rìnlá àti díẹ̀, irin wọn bá bọ́ sínú òfìfo, ooru ibẹ̀ jẹ́ 1,100 dígíríì, wọ́n wá sọ maikirofóònù sísàlẹ̀, igbe àwọn ọkàn tó ń jìyà ni wọ́n gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lè dá jáde lọ tọ̀.

Wọ́n gbẹ́ ihò lóòótọ́ o. Àmọ́ Kola ni, lágbègbè Murmansk, ẹ̀gbẹ́ Norway níbẹ̀, kì í ṣe Siberia rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nígbà tó fi máa di 1989 wọ́n ti dé mítà 12,262. Ẹnu ihò yẹn ò fẹ̀ ju abọ́ ìjẹun lọ, sẹ̀ǹtímítà 23 péré. Wọ́n ti rò pé ooru ìsàlẹ̀ ò ní ju 100 dígíríì lọ, wọ́n débẹ̀ wọ́n bá 180, àpáta wá ń rọ̀ bí ẹ̀bà gbígbóná, bí wọ́n bá ti yọ irin ni ihò ń fẹ́ dì padà, ni iṣẹ́ bá dúró. Bẹ́ẹ̀ kìlómítà tó lé ní 6,300 ló wà láti orí ilẹ̀ dé àárín ayé. Wọn ò tíì ha èèpo ẹ̀ tán.

Ẹ tún wá wo wáyà. Bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà máa ń yọ́ ní 1,085 dígíríì. Kí ló wá gbé igbe yẹn wá sókè? Maikirofóònù ṣọ́ọ̀ṣì wa, òógùn pásítọ̀ lásán ló ń bà á jẹ́.

Apá tó pa mí lẹ́rìn-ín jù rèé. Trinity Broadcasting Network, telifíṣọ̀n àwọn onígbàgbọ́ l'Amẹ́ríkà, gbé ìtàn yìí jáde ní 1989. Tíṣà kan láti Norway, Åge Rendalen, wà l'Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ó gbọ́ ọ, ẹnu yà á pé àgbàlagbà lè gbà á gbọ́. Ó bá kọ lẹ́tà sí wọn, ó bu iyọ̀ sí i, ó ní nǹkan kan bí àdán ńlá fò jáde látinú ihò náà. Ó gé ìwé ìròyìn Norway mọ́ ọn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ilé wò ló wà ńbẹ̀, ó wá túmọ̀ ẹ̀ sí Òyìnbó bó ṣe wù ú. Ó fi nọ́ńbà fóònù ẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ni tó bá pè lè mọ̀ pé irọ́ ni. Wọn ò pè é. Wọ́n kàn gbé ti àdán náà jáde ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, ṣebí gbogbo wa la mọ ẹni tó mọ ẹni tó rí àkúdàáyà tó ń ta aṣọ nílùú òkèèrè, tó pòórá bí ará ilé ẹ̀ ṣe yọ sí i. Mo ti wá ẹni tó fojú ara ẹ̀ rí i títí, kì í sí nílé.

Mi ò ní ọ̀run àpáàdì ò sí o, ẹ má lọ fẹjọ́ mi sun. Àpáàdì yẹn náà ni ìyá ìyá mi fi ń fọn iná ní ilé ìdáná kejì, ẹyin iná á máa pọ́n lórí ẹ̀, àpáàdì ò ní ṣe bí ẹni mọ̀. Ẹni tó fi sọ ọ̀run lórúkọ ti mọ ohun tó ń sọ, kò sí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀.

Màmá kan nawọ́ lẹ́yìn. "Ọmọ mi, ariwo tí mo fetí ara mi gbọ́ ńkọ́?" Mo ní mà, inú fíìmù abanilẹ́rù kan tó jáde ní 1972 ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n lọ́ ọ díẹ̀ kí ẹ má baà dá a mọ̀. Màmá dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"Gbèsè tí mo sáré lọ san láàárọ̀ ọjọ́ kejì wá ńkọ́?"