Àárẹ̀ tí oorun ò lè gbé lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òǹdó náà. Ọ̀rọ̀ àárẹ̀ la fẹ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Kòrónà mú un, ó sàn, gbogbo wa dúpẹ́, àmọ́ ara ẹ̀ ò padà sípò, oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù méje, á sùn mọ́jú, tó bá jí á dà bí ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù ní gbogbo òru. Wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, ó gba abẹ́rẹ́. Àgbo ńkọ́? Ó mu ún sú. Ẹnì kan nínú ẹbí tiẹ̀ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é (mi ò ní dárúkọ yín, ẹ̀ ń wo fídíò yìí).

Àṣé àìsàn gidi ni, ME/CFS ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àìsàn àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń ṣíwájú ẹ̀. Kò sí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó lè fi í hàn, dókítà á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ló kéré àbí ìtọ̀ ṣúgà ni, á wá bi yín bóyá àárẹ̀ yẹn ti tó oṣù 6.

Èyí tó burú jù rèé: tó bá lọ sọ́jà lónìí, tó tà, tó rẹ́rìn-ín, ara ò ní sọ nǹkan kan, ọ̀la tàbí ọ̀túnla ló máa wá gbowó ẹ̀, owó sogúndogójì sì ni! Wákàtí méjì lọ́jà, ọjọ́ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó máa sáré láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í lẹ̀. Ní 2021, NICE tó ń kọ ìlànà fáwọn dókítà England ní kí wọ́n má fi eré ìdárayá tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀ tọ́jú ẹ̀ mọ́.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó tán. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà mọ̀ pé a kì í jẹ ojú owó, bó ṣe ń ṣe agbára ẹ̀ náà nìyẹn: orí àpótí ló ti ń wẹ̀, ọjọ́ méjì péré ló ń lọ sọ́jà lọ́sẹ̀, kó tó rẹ̀ ẹ́ ló ti ń jókòó. Iyán gígún ti parí, pọ́ńdò ló kù (ẹ má bú u, ẹ̀yin ará Òǹdó).

Sátidé tó kọjá, ó wọ aṣọ ẹbí lọ síbi ìgbéyàwó, kò jó rárá, kí wọ́n tó pín ìrẹsì, ọlọ́kadà ti ń dúró dè é lẹ́nu géètì.