Ó Ti Rẹ̀ Wọ́n, Síbẹ̀ Wọ́n Ń Lépa

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ṣé dáadáa la jí? Ẹni tó bá jí tí ara ń ro, ẹ kú ìfaradà. Tèmi náà ń ro. Láti ìgbáròkó dé ọrùn ẹsẹ̀, kò síbi tí kò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ yìí. Ìyàwó mi kàn ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá Tóyìn, ta ló rán yín níṣẹ́ bọ́ọ̀lù?"

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 8, ká kà á láti ẹsẹ 4 dé 9. Gídíónì àti ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin tó kù sí i lọ́wọ́ ló sọdá Jọ́dánì yìí. Wọ́n ti fi òru jagun, ìpè àti ìṣà ni wọ́n fi dá jìnnìjìnnì bo ogun Mídíánì, ṣùgbọ́n àwọn ọba méjèèjì, Seba àti Salmunna, ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń sá lọ níwájú. Bíbélì wá sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin yìí láìfepo bọyọ̀: ó ti rẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń lépa.

Mo fẹ́ràn ẹsẹ yẹn gan-an. Kò sọ pé ara wọn le koko bí ota. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Àwa onígbàgbọ́ a máa ń sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn bí ẹni pé tó bá ti rẹ èèyàn, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló jò. Tẹ́nì kan bá ní "ó rẹ̀ mí", kíá la ó ti dá a lóhùn pé "má sọ bẹ́ẹ̀, sọ pé o lágbára." Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yàn lẹ́tí omi, ó rẹ àwọn náà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa ká lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún yín, torí òun ló gbé mi dé inú orí yìí.

Àwa ọkùnrin àdúgbò wa níbí n'Ìbàdàn ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Káfíńtà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ọlọ́kadà méjì, ọmọ Poly kan, ẹni tó ń ta páànù, àti èmi tí mo ti lé dáadáa ní ogójì ọdún tí mo ṣì ń pera mi ní bẹ́ẹ̀kì. Àwọn ọmọ apá Ẹlẹ́yẹlé la gbà lálejò, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń gbá, àmọ́ àwọn kan ti gba pápá náà sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́, ló bá di aago kan ọ̀sán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìbàdàn lópin oṣù Kejì, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Òjò kankan ò tíì rọ̀. Iwájú gólì ò ní koríko rárá, iyẹ̀pẹ̀ pupa lásán ni, eérú la fi fa ìlà rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ báyìí, eruku á gbéra, á dúró sójú kan, torí kò sí atẹ́gùn tó máa gbé e lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì pé tí wọ́n fi jẹ wá ní gólì kan. Ẹ̀gbẹ́ èmi ni wọ́n gbà kọjá, kí n má purọ́. Wíńgà wọn, ọmọdékùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ti bọ́ọ̀lù síwájú, ó sáré tẹ̀ lé e. Kí n tó yíjú, nọ́ńbà méje tó wà lẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀ nìkan ni mo rí. Nígbà tó di háàfù táìmù, kóòṣì wa, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ o, fọwọ́ kàn mí léjìká: "Bọ̀dá mi, ẹ sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bójú tó omi."

Kí n bójú tó omi! Ó dùn mí wọra. Mo lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò, mo bọ́ bọ́ọ̀tù, mo kẹ̀yìn sí pápá. Báàgì píọ̀ wọ́tà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ike pẹ̀lú yìnyín, gúlúkóòsì wà nínú ọ̀rá dúdú, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Nínú ọkàn mi, mò ń sọ pé kí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi wá pín in fún wọn.

Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, mo gbọ́ igbe. Káfíńtà wa ló ṣubú, òun tó ń sáré láti ẹ̀yìn dé iwájú fún gbogbo wa láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Pajápajá ló mú un. Ẹ̀yin tí kò mú rí, ẹ dúpẹ́. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká jọ, ó le gbandi, ó ń yí lábẹ́ awọ bí ohun tó ní ẹ̀mí tirẹ̀. Ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun, iyọ̀ òógùn ti gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ó gbójú sókè, kò wo kóòṣì, èmi ló wò. "Ẹ̀gbọ́n, omi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Mo sáré wọ pápá láìwọ bàtà, iyẹ̀pẹ̀ yẹn ń jó mi lẹ́sẹ̀ bí àwo àkàrà. Mo feyín já etí ọ̀rá omi, mo da díẹ̀ sí i nígbáàyà, ó fa ìyókù mu. Mo da gúlúkóòsì sí i látẹ́lẹwọ́, ó ń lá a. Ẹnì kan na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tì í padà díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí nọ́ńbà méje wọn fi rìn wá. Ó tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún méjèèjì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi tiwọn ti tán. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ fún mi ní ẹyọ kan." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà lórí bẹ́ńṣì dá a lóhùn kí n tó lanu: "Bí iṣu ẹni bá ta, à ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Lọ bá àwọn èèyàn ẹ!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èyí ló lé oorun lójú mi lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe ara ríro.

Ẹ padà sínú Bíbélì yín, ẹ wo ẹsẹ 5 àti 6. Gídíónì dé Súkótù, kò bèèrè ọmọ ogun lọ́wọ́ wọn, kò bèèrè ẹṣin. Ìṣù búrẹ́dì ló bèèrè, torí ó rẹ àwọn tó tẹ̀ lé e. Àwọn olórí ìlú wá dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu tiwa sọ ọ́: ṣé ọwọ́ rẹ ti tẹ Seba àti Salmunna ná, tá a fi máa fún àwọn ọmọ ogun rẹ lóúnjẹ? Ó dé Pénúẹ́lì, ohun kan náà ló gbọ́. Ará ilé rẹ̀ ni wọ́n o, ọmọ Ísírẹ́lì bíi tirẹ̀. Wọn ò kórìíra rẹ̀. Wọ́n kàn ń dúró wò ó ná, bóyá á borí.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rí nìyẹn, bí èmi náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá ṣẹ́gun, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó jó, a ó ná owó sí ọ lórí. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú ọgọ́ta, nígbà tí gólì kan ṣì wà lọ́rùn rẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ ká jọ, a ó ní ká wo bó ṣe máa rí ná. Ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí owó ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí lọ́rùn, ìgbà yìí ló nílò búrẹ́dì, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ bá gboyè. (Ẹ̀gún aginjù tí Gídíónì fi na àwọn ará Súkótù nígbà tó ń padà bọ̀, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ má fi orúkọ mi jẹ́rìí.)

Rẹfirí ló gba ìtìjú lára wa lọ́jọ́ náà. Kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú omi kan nínú ike wa láìtọrọ, ó jù ú sí ọmọ náà. Ó wá fọn fèrè: "Gbogbo yín, ẹ mumi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta." Mo gbé ike náà, mo sì ń pín in kiri, tiwa tiwọn. Omi ò lọ́tàá.

Àṣà tuntun kọ́ o. Níbi Ife Àgbáyé ọdún 2014 ní Brazil, Netherlands ń bá Mẹ́síkò gbá nílùú Fortaleza, oòrùn mú débi pé rẹfirí dá eré dúró káwọn èèyàn mumi. Gólì kan sí òdo ni Mẹ́síkò fi ń na Netherlands. Louis van Gaal, kóòṣì Netherlands, lo ìsinmi omi kejì láti yí bí wọ́n ṣe ń gbá a padà. Sneijder jẹ gólì fún wọn ní ìṣẹ́jú 88, Huntelaar fi pẹnáritì parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dúró mumi ni wọ́n rí ọ̀nà. Èlíjà náà, lábẹ́ igi tó ti ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ańgẹ́lì ò bá a wí. Àkàrà àti omi ló gbé síbi orí rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó tún sùn, wọ́n tún jí i jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Àní Jésù Olúwa wa, nínú Jòhánù orí 4, ọ̀sán gangan ni, ìrìn àjò ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó létí kànga, ó sì ní kí obìnrin ará Samáríà fún òun lómi mu. Olúwa tọrọ omi! Ìwọ tó ò lè ní "ẹ ràn mí lọ́wọ́", àfi kó o máa rẹ́rìn-ín músẹ́ kiri ọ́fíìsì, ta lo fẹ́ lágbára jù?

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń fi agídí gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ rántí Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá. Ó ṣubú ní ìṣẹ́jú 77, kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 péré ni, kò sì sẹ́ni tó rò pé àìsàn wà lára ọkàn rẹ̀. Tí àyà bá ń fún yín, tí ojú bá ń ṣú, ẹ jókòó. Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó ní ẹ̀ ń fi ìgbàgbọ́ lépa. Àwọn tí Gídíónì rán padà sílé ju àwọn tó bá a lọ, Ọlọ́run kan náà ló ní kí wọ́n máa lọ.

Káfíńtà dìde. Ó ń tiro, ṣùgbọ́n kò jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nígbà tó gbá kọ́nà wọlé, tíṣà fi orí kàn án, bọ́ọ̀lù lu òpó, ó wọlé pẹ̀lú eruku. Ọ̀mì la ta, oókan-oókan. Ẹ ò rí bí a ṣe ń yọ̀, bí ẹni gba ife. Nọ́ńbà méje wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó tún dọ̀bálẹ̀ díẹ̀: "Ẹ ṣé fún omi, bọ̀dá." Èmi tí mi ò fún un.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run, a dúpẹ́ tó o jí wa sí òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yìí. Ọ̀pọ̀ wa jí pẹ̀lú ara tó wúwo, o mọ̀, o rí wa. A ò pa á mọ́ fún ọ.

Olúwa, ẹni tó rẹ̀ láàárọ̀ yìí, tó ń lépa síbẹ̀, jẹ́ kó rí omi lójú ọ̀nà. Ẹni tí ìrètí rẹ̀ ká jọ bí iṣan tí pajápajá mú, na ọwọ́ rẹ sí i, tú u sílẹ̀. Fi agbára fún aláàárẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti ṣèlérí nínú Àìsáyà orí 40.

Oòrùn kì yóò pa wá lọ́sàn-án, òṣùpá kì yóò pa wá lóru. Awakọ̀ tó wà lójú títì, alápatà, ọlọ́jà tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ilé ìwé, Olúwa, ṣe ibòji fún wọn. Àìsàn tó sá pamọ́ sára ẹnikẹ́ni nínú wa, tú u fó kó tó ṣe wá níjàǹbá.

Má jẹ́ ká jẹ́ ará Súkótù fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá tọrọ ẹyọ kan lọ́wọ́ wa, kó má gba yẹ̀yẹ́ lọ. Iṣẹ́ kékeré tó o bá gbé lé wa lọ́wọ́, bó jẹ́ omi pípín ni, má jẹ́ ká kẹ̀yìn sí i nítorí ìgbéraga.

Dárí jì mí fún ẹ̀rín ọjọ́ Sátidé. Ṣíjú àánú wo ọmọ tó ń jẹ́ nọ́ńbà méje yẹn, ibi yòówù tó bá wà láàárọ̀ yìí. Bó bá ń wá iṣẹ́, fún un níṣẹ́, bó bá ń kàwé, jẹ́ kó kà á já. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣẹ́, kí òùngbẹ má tún gbẹ ẹ́ níwájú ẹni tó ní omi.

Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa la gbàdúrà. Àmín.