Ṣé Windows Àtijọ́ Lè Darí Kọ̀ǹpútà Alágbára?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láyé Windows 95. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ AMD gbé processor K6-2 jáde. Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èyí tó ń sáré 350 MHz dé, Windows 95 lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní ṣí lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé: bí Windows yẹn bá ń jí, ó máa ń wọn bí processor ṣe yára tó. Á ní kó ka ení, èjì, dé iye kan, á wo àkókò tó fi kà á, á wá fi àkókò yẹn pín iye ọ̀hún. Processor tuntun yìí ti kà á tán kí aago tó mira. Àkókò di òdo. Ta ló sì lè fi òdo pín nǹkan? Ni ẹ̀rọ bá dákú. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ o, eré rẹ̀ ló kọjá ohun tí àwọn tó kọ Windows 95 lérò. Microsoft ní láti gbé àtúnṣe jáde.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń béèrè bóyá àwọn lè fi Windows 7 sórí kọ̀ǹpútà alágbára tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Lójú tiwọn, bí ètò tó fúyẹ́ bá bọ́ sórí ẹ̀rọ tó lágbára, eré àsápajúdé ló yẹ kó máa sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dá lo agbára ara rẹ̀. Windows ló ń pín iṣẹ́ fún un, apá tí Windows ò bá sì mọ̀ pé ó wà, ńṣe ni yóò káwọ́ gbera.

Ẹ wo mẹ́mọ́rì. Windows XP tó jáde ní 2001, èyí tí ọ̀pọ̀ wa lò, 32-bit ni. Ó ní láti fún gbogbo yàrá inú mẹ́mọ́rì ní nọ́ńbà kó tó lè lò ó, nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ kò sì ju ti 4 GB lọ. Bí ẹ bá to 32 GB sínú ẹ̀rọ yẹn, 28 GB ló máa jókòó lásán. Kódà kì í rí 4 GB yẹn lò tán, torí káàdì àwòrán àtàwọn ẹ̀yà mìíràn ń gbà nínú nọ́ńbà ọ̀hún. Windows 7 oní-64-bit sàn jù ú lọ dáadáa, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Home Premium ò kọjá 16 GB.

Windows 7 ò mọ USB 3.0, ìyẹn irú ojú ihò tí a ń ki kíbọ́ọ̀dù àti mouse bọ̀, nígbà tí ẹ bá ń fi í sórí ẹ̀rọ. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó jáde láti 2015, kíbọ́ọ̀dù àti mouse lè kú síbi tí ẹ ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì àkọ́kọ́, àfi bí ẹ bá ti fi driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, sínú Windows 7 náà ṣáájú. Ọ̀pọ̀ processor tí ilé-iṣẹ́ Intel ń ṣe láti ìparí 2021 tún ní core ńlá àti core kékeré. Core ni apá inú processor tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Windows tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn lè gbé iṣẹ́ tó wúwo fún èyí tó kéré.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ààbò. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 7. Ní oṣù Karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry ti àwọn fáìlì ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn pa, ó ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó rí wọn ṣí. Ó sì ti lé ní oṣù kan tí àtúnṣe tó lè dáàbò bo Windows 7 ti wà nílẹ̀, àwọn tí kò gbà á ló kó sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé Windows 7 lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, bó ti wù kí ẹ̀rọ yín lágbára tó.

Mi ò bú u o, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹ bá ní iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣe é, ẹ fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wá gbé Windows 7 sínú virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Ẹ bù ú ní 4 GB, ẹ gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ ṣí iṣẹ́ yín níbẹ̀.