Ẹni Tí Ó Ni Mọ́ọ̀dù: Ipa Ilé Iṣẹ́ Tí Ń Ṣe Ìyẹ́ Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Nínú Ìwádìí Àjọṣe

Mo kí ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjọ síbí. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ẹ̀rọ gìrìwò tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná mànàmáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ tú wò. Ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ń yí lókè rẹ̀ ni mo mú, àti iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìyẹ́ náà ń ṣe nígbà tí òun, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwọn tí ń po kẹ́míkà bá jọ dáwọ́ lé ìwádìí kan ṣoṣo. Àwọn kan rò pé owó lásán ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mú wá síbi ìwádìí. Lójú tèmi, òun ni ó lè sọ bóyá ohun tí ó dára lórí tábìlì yóò ṣì dára nígbà tí ó bá gùn tó mítà 60.

Ilé iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni LM Wind Power. Ní ọdún 1940 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Lunderskov ní Dẹ́ńmáàkì, iṣẹ́ àga àti tábìlì ni wọ́n sì ń ṣe nígbà náà. Ọdún 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìyẹ́. General Electric rà á ní 2017, nígbà tí ó sì di 2019, ẹ̀ka wọn ní Cherbourg, nílẹ̀ Faransé, ti ṣe ìyẹ́ kan tí ó gùn ní mítà 107. Ọ̀rọ̀ igi kò sì tíì tán nínú iṣẹ́ náà títí dòní: igi balsa, tí ó fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí lọ́wọ́, tí púpọ̀ rẹ̀ ń wá láti Ecuador, ṣì wà láàárín ọ̀pọ̀ ìyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mọ́ọ̀dù gígùn kan, ìyẹn àwo tí ń fún ìyẹ́ ní ìrísí, wà nílẹ̀, ó rí bí ikùn ọkọ̀ ojú omi. Àwọn òṣìṣẹ́ a tẹ́ aṣọ tí wọ́n fi òwú gíláàsì hun sínú rẹ̀, ìpele lórí ìpele; wọn a to igi balsa tàbí fóòmù sáàárín, wọn a sì fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ pinpin. Ẹ̀rọ a fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ọ̀rá náà jáde, rẹ́sìn, ohun olómi tí ń le bí ó bá yá, a sì máa wọlé dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró tì í yóò rí i bí funfun aṣọ náà ṣe ń pòórá díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí omi bá ń fà gòkè lára ògiri. Ibi tí rẹ́sìn kò bá dé, àbùkù ni. Àwọn tí ń fi fáíbà tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe nílé wa kò ní ṣàìmọ irú iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ni tiwọn.

Rẹ́sìn tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí dàbí mọ́ín-mọ́ín: bí ó bá ti jinná, kò tún lè padà di ẹ̀wà lílọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ìyẹ́ tí ó ti lo bí ogún ọdún fi ń di ẹrù tí ó ṣòro gbé sọ nù, nígbà tí irin òpó rẹ̀ ń rí oníbàárà ní kíákíá. Ilé iṣẹ́ Arkema ti ilẹ̀ Faransé ní rẹ́sìn mìíràn tí ń jẹ́ Elium, èyí tí ó sún mọ́ ìwà òrí. Àfiwé náà kò pé o, nítorí pé òrí kàn ń yọ́ ni, ṣùgbọ́n ooru líle lè tú Elium padà sí ohun olómi tí wọ́n fi pò ó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àjọṣe ìwádìí lórí ìyẹ́ tí a lè tún lò, tí wọ́n pè ní ZEBRA, bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdarí ilé ìwádìí IRT Jules Verne ní Nantes nílẹ̀ Faransé, fún oṣù 42, pẹ̀lú mílíọ̀nù 18.5 owó yúrò. Arkema mú rẹ́sìn wá, Owens Corning mú aṣọ gíláàsì wá, ilé ìwádìí CANOE, Engie tí ń pèsè iná àti SUEZ tí ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ náà sì wà níbẹ̀. LM ló mú mọ́ọ̀dù wá.

Mọ́ọ̀dù yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Rẹ́sìn tí ó ń le a máa mú ooru jáde. Bí ègé náà kò bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ooru náà yóò tètè sá lọ. Ṣùgbọ́n ìdí ìyẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi bóòtù dè é mọ́ ẹ̀rọ, nípọn gan-an, ooru tí kò ríbi gbà jáde níbẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Ohun olómi tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ Elium kò ju nǹkan bí 100 ìwọ̀n Celsius lọ kí ó tó hó, bí ó bá sì hó nínú iṣẹ́, ihò wẹ́wẹ́ ni yóò fi síbẹ̀. Onímọ̀ kẹ́míkà mọ èyí lórí ìwé. Aṣèyẹ́ ni yóò béèrè iye wákàtí tí iṣẹ́ yóò fi wà nínú mọ́ọ̀dù, nítorí pé ọjọ́ tí ìwádìí bá gba mọ́ọ̀dù, wọn kò ní rí ìyẹ́ títà mú jáde nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n kéde ìyẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Elium ṣe, mítà 62, ní ẹ̀ka LM tí ó wà ní Ponferrada ní Sípéènì; ní 2023, èkejì tẹ̀lé e, mítà 77. Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n ṣètò láti dán ìyẹ́ àkọ́kọ́ wò lódindi. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, wọn a de ìdí ìyẹ́ mọ́ ògiri, wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a sì máa jù ú sókè sódò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí wàhálà ogún ọdún lè kọjá lára rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Yàrá ìwádìí yunifásítì mélòó ni ó lè gba ìyẹ́ tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, n kò ní kí a sọ ilé iṣẹ́ di ẹni tí kì í ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń to ìpele aṣọ inú ìyẹ́ jẹ́ àṣírí ọjà wọn, olùwádìí sì fẹ́ kọ ohun tí ó rí jáde fún gbogbo ayé. Ìjà orí àdéhùn lè ti ibẹ̀ wá. Ìyẹn ni àjọṣe kejì, DecomBlades, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Dẹ́ńmáàkì ní 2021, fi wú mi lórí. LM, Vestas àti Siemens Gamesa, àwọn tí wọ́n ń du oníbàárà kan náà, jókòó pọ̀ pẹ̀lú Ørsted, ilé iṣẹ́ tí ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ pèsè iná, àti àwọn yunifásítì, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìwé kan ṣoṣo tí yóò máa sọ ohun tí ó wà nínú ìyẹ́ fún ẹni tí yóò tú u palẹ̀. Kò di dandan kí ìwé náà tú àṣírí wọn. Ohun tí ẹni tí ó di ayùn mú ń fẹ́ mọ̀ kò ju ibi tí igi wà, ibi tí fóòmù wà, àti ibi tí okùn irin tí ń gbé mànàmáná ààrá sọ̀kalẹ̀ gbà kọjá lọ.