Ihò Kíréètì Ẹyin: Bí Ọmọ Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Mọ Àṣà Ayé Nínú Ilé

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe lè fi àṣà àwọn ẹ̀yà mìíràn han ọmọ láì kúrò nílé. N kò gbé àwòrán ayé wá. Kíréètì ẹyin àti ẹ̀wà tútù ni mo gbé wá.

Mo mọ àwọn ọmọ tó lè ka orúkọ olú-ìlú orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi bí ẹni ka a-b-d. Ẹ bi wọ́n pé irú eré wo ni ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń ṣe ní Malaysia, wọ́n á kàn máa wò yín lójú ni. Kí ọmọ máa kun àsíá lọ́dà, kò burú, ilé á sì rọ̀ wọ̀ọ̀ fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àṣà kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ ọmọ bá ń ṣe nǹkan bí àwọn tó ni ín ṣe ń ṣe é ni ó tó fojú kan àṣà.

Kíréètì tiwa níbí ń gba ẹyin 30, ìlà 5 tí ihò 6 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ìlà 2 kúrò lára rẹ̀: ọpọ́n ayò dé, ihò 12. Ẹ̀wà 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ 48. (Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ gbé ẹ̀wà jìnnà sí i. Imú kì í ṣe ihò ayò.)

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó ta tiwa títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Nínú ayò, bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo pátá, ó di dandan kí o ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, kí òun náà lè rí ta. Ọmọ mi bínú lọ́jọ́ tí mo sọ fún un: “Mọ́mì, ṣé a tún ń bọ́ ọ̀tá ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹ má ṣi ohùn rẹ̀ gbọ́. Òfin yìí náà wà nínú oware tí àwọn Àkán ń ta ní Gánà. Ní erékùṣù Antigua, ní agbègbè Caribbean, warri ni wọ́n ń pè é. Àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló mú un dé ibẹ̀. Ẹni tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè kò lè gbé ọpọ́n dání. Orí ni wọ́n fi gbé e. Ọmọ mi tún béèrè pé ta ló dè wọ́n, alẹ́ ọjọ́ náà sì gùn.

Lẹ́yìn náà, congkak, ayò ti àwọn ará Malaysia. Ihò 7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ óò gé ihò kọ̀ọ̀kan kún ìlà méjèèjì, kí ẹ fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé agolo mílíìkì kan sí orí ọpọ́n, òmíràn sí ìdí rẹ̀: àká olúkúlùkù nìyẹn. Ẹ̀wà 7 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó di 98. Bí o bá ń ta lọ, wàá ju ẹyọ kan sínú àká tìrẹ, wàá fo ti ẹnìkejì. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sínú àká rẹ, o tún ní ànfààní láti ta. Bó bá bọ́ sínú ihò tí nǹkan wà, wàá kó gbogbo rẹ̀, wàá sì máa bá a lọ.

Níbí ni ariwo ti máa ń bẹ́. Ọmọ tó ti mọ ayò á ní ìyànjẹ ni. Ẹ má tètè dá sí i. Ẹ kàn bi í pé: bí ọmọ Malaysia bá jókòó ti ọpọ́n tiwa, kí ni òun yóò wí? Èmi rí i bí ojú ọmọ mi ṣe yí padà nígbà tó ronú kan èyí. N kò rí irú rẹ̀ rí nídìí àsíá kíkùn.

Bao, ayò ti àwọn ará Zanzibar ní Tanzania, le ju èyí lọ: ihò 32, kóró 64, kíréètì kan kò tó o. Ti Kazakhstan, togyzqumalaq, ń gba kóró 162. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ní 2020. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì.

Ẹ̀wà tó bá kù nínú ọ̀rá, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí àwọn ọmọ bó èèpo rẹ̀. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, epo pupa ni wọ́n fi ń dín àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi edé sí i. Ẹ dín méjèèjì, tepo pupa àti tòróró, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó dùn jù. Tepo pupa ni tèmi.

Kíréètì wà lórí tábìlì ẹ̀yìn yẹn, sísọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ẹ jókòó méjì méjì, kí ẹ dojú kọ ara yín.