Ìtàn Tí Wọ́n Kọ Lórí Itan

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ ìròyìn, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà láyé ijọ́un ni mo mú wá. Ẹ wo táìpúráítà alágbèéká tí mo gbé sórí tábìlì yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi tẹ èsì eré kan: 1–0. Ẹni tó bá súnmọ́ tòsí, kó bá mi wá nọ́ńbà 1 lójú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Orí 2 ni nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà "l" kékeré là ń tẹ̀ dípò 1, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí ṣe rí láyé ijọ́un. Akọ̀ròyìn eré ìdárayá tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kún fún nọ́ńbà, ìka rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà kó tó dé pápá. Bó bá kánjú jù, àwọn irin lẹ́tà á há mọ́ra wọn, á máa fọwọ́ tú wọn, tàdáwà á sì kun ún níka. Bó bá ṣì í tẹ̀, àfi kó tẹ "x" lé e lórí, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Tẹ́lẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó ní Amẹ́ríkà ní ààyè tiwọn ní pápá bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré: wọ́n ní tábìlì, wọ́n ní àga, òṣìṣẹ́ tẹlígíráàfù sì wà nítòsí tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tó ń fi í ránṣẹ́ kí eré tó parí. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn bésíbọ́ọ̀lù ló ń fúnni ní káàdì tí wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Wọ́n ní ti ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ nìkan làwọn ń gbà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú ń jáde. Ẹ ti rí ọgbọ́n tí wọ́n dá.

Bí Wendell Smith, akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú, ṣe di ẹni tó ń jókòó láàárín èrò ìwòran nìyẹn, tó gbé táìpúráítà rẹ̀ lé itan. Ní 1937 ló dé Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1939 ó ń bi àwọn agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá òyìnbó léèrè bóyá wọ́n á gbà kí aláwọ̀ dúdú bá wọn ṣeré. Púpọ̀ jù nínú wọn ní kò burú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní oṣù kẹrin 1945, ó mú Jackie Robinson àti àwọn méjì mìíràn, agbábésíbọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, lọ sí Boston kí wọ́n lọ dán wọn wò. Wọn kò gba ẹnì kankan. Ó wá lọ dárúkọ Robinson fún Branch Rickey, ọ̀gá ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1947, Robinson wọ pápá fún Brooklyn, ìlẹ̀kùn sì ṣí fún aláwọ̀ dúdú nínú líìgì àwọn òyìnbó.

Smith bá a rìn káàkiri ọdún yẹn, ó ń bá a wá ilé tí wọ́n á sùn, òun ló sì ń bá a kọ kọ̀lọ́ọ̀mù tó ń jáde lórúkọ Robinson.

Mo dán ti itan yìí wò nílé. Bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà, irin òkè tó gbé ìwé dání ń sún lọ sí òsì, ẹ̀rọ náà sì ń tẹ̀ lé e. Aago ìparí ìlà dún, mo ti irin náà padà, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Kí n tó tẹ ojú ewé kan tán, itan ti ń ro mí. Inú yàrá tó dákẹ́ ni mo wà o! Ẹ wá fojú inú wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń fò sókè, tí ìgbúnwọ́ wọn ń gbá yín, tí àwọn mìíràn ń bú ẹni tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yìí ló wà nídìí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì gbé sórí àga.

Ní 1972, ikú Robinson wà lára ohun tí Smith kọ kẹ́yìn. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú Robinson ni òun náà kú.

Sam Lacy ti ìwé ìròyìn Baltimore Afro-American ni akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà kan ní New Orleans tí wọ́n lé e kúrò ní ààyè akọ̀ròyìn, ó gbé àga lọ sórí òrùlé. Kò pẹ́ tí àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó bíi mélòó kan láti New York gòkè lọ bá a. Wọ́n ní oòrùn làwọn wá yá. Inú mi máa ń dùn sí ìdáhùn yẹn. Lacy ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn náà gbà wọlé, ní 1948.

Ó pé ẹni ọdún 99 kó tó kú ní 2003. Nígbà tí làkúrègbé kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ lè tẹ lẹ́tà mọ́, ó mú gègé, ó ń fọwọ́ kọ kọ̀lọ́ọ̀mù rẹ̀.