Kọ̀ndọ́ tó bọ́ sílẹ̀ kí dáńfó tó dúró

Àkànní: Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ rọra. Èmi Àkànní nìyí, awabọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí Bísí náà wà níbí. Ẹ kú alẹ́, mà.

Àǹtí Bísí: Kú alẹ́, Àkànní. Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ gba òdo nítorí rẹ.

Àkànní: Háà, Àǹtí, ẹ ti tú mi fó! Kì í ṣe òdo, ìbéèrè kan péré nínú iṣẹ́ àmúrelé físíìsì rẹ̀ ni. Wọ́n ní nǹkan kan ń lọ lókè réré, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ohunkóhun ò tì í, ohunkóhun ò fà á. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Ọmọ bi mí, mo ní eré rẹ̀ á máa dínkù títí á fi dúró. Mo tiẹ̀ fi táyà tí a máa ń yí kiri lọ́mọdé ṣàpẹẹrẹ fún un. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ni olùkọ́ bá fi bírò pupa fà á.

Àǹtí Bísí: Olùkọ́ ò jẹ̀bi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ wọn ní físíìsì l'Abẹ́òkúta kí n tó wá síbí, èsì tí o sọ yẹn gan-an ni ìdajì kíláàsì máa ń fún mi. Ìwọ nìkan kọ́ o. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí Galileo àti Newton, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tó já èrò yẹn.

Àkànní: Táyà yẹn wá ńkọ́? Ojú mi kòrókòró ló ṣe máa ń dúró.

Àǹtí Bísí: Ta ló dá a dúró?

Àkànní: Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àǹtí Bísí: Ilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Yẹ̀pẹ̀ ń fà á, afẹ́fẹ́ ń tì í padà. Friction tí ìwé ń sọ, ohun tí ilẹ̀ ń ṣe fún un nìyẹn. Yí táyà kan náà lórí yẹ̀pẹ̀, kí o yí i lórí títì ọlọ́dà, wàá rí i pé ti orí ọ̀dà jìnnà jù. Máa mú ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá wá ku òun nìkan, kí ni yóò dá a dúró?

Àkànní: ...Kò sí.

Àǹtí Bísí: Ó tán. Ohun tó dúró á dúró síbẹ̀, ohun tó ń lọ á máa lọ tààrà ní eré tó ń bá bọ̀, àfi tí ipá kan bá dá sí i. Òfin kìíní Newton nìyẹn, inú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1687 ló wà, Látìn ló sì fi kọ ọ́. Ìgbà tí a bá fẹ́ kí nǹkan yára sí i, kó dẹ̀rọ̀, tàbí kó yà, ìgbà yẹn la nílò ipá.

Àkànní: Kọ̀ndọ́ Òṣòdì mọ èyí láìlọ síléèwé.

Àǹtí Bísí: Òun gan-an ni mo fi ń kọ́ wọn! Ọkọ̀ ò tíì dúró, ó ti fi ọwọ́ kan di irin ẹnu ọ̀nà mú. Ó kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, ó fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀, ó sá tẹ̀ lé e bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, kó tó jọ̀wọ́ irin. Ṣé o mọ̀dí rẹ̀? Eré ọkọ̀ ló wà lára rẹ̀ látorí délẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, ilẹ̀ mú ẹsẹ̀. Orí àti àyà ò gbọ́, wọ́n ṣì ń bá eré ọkọ̀ lọ. Tí kò bá sáré, á jẹ iyanrìn.

Àkànní: Mo ti bọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo kọjú sí. Ìdí ni mo fi jókòó sórí títì, àpá rẹ̀ ṣì wà nígbọ̀nwọ́ mi. Àwọn kan dúró, wọ́n tọ́jú ẹ̀rín wọn títí mo fi dìde.

Àǹtí Bísí: Pẹ̀lẹ́ o. Bó ṣe rí nínú bọ́ọ̀sì rẹ náà nìyẹn.

Àkànní: Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, màmá kan á ní mo ti òun síwájú. Mi ò tì í o!

Àǹtí Bísí: O ò tì í lóòótọ́. Bọ́ọ̀sì lo dá dúró, màmá ṣì ń lọ ní tiẹ̀. Ìdí tí mo fi ń bá àwa èèyàn wa jà nìyí, àwa tí a ń gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò. "Ibi ìsọmọlórúkọ ò jìnnà, mo dì í mú." Jẹ́ ká ṣírò ó. Ọmọ kílò 10. Ọkọ̀ ń sáré 30 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn bíi mítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kọlu nǹkan, ó sì dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Òfin kejì ní kí o mú bí eré ṣe ń yí padà ní àáyá kọ̀ọ̀kan, kí o fi ìwọ̀n ohun náà sọ ọ́ di púpọ̀. 13 tó tán láàárín ìdá mẹ́wàá àáyá, 130 nìyẹn. Fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀.

Àkànní: 1,300.

Àǹtí Bísí: 1,300 newton, orúkọ bàbá náà ni wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n ipá. Òòfà ilẹ̀ ń fi bíi newton 10 fa kílò kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí apá rẹ tó lè di ọmọ yẹn mú, àfi bí ẹni tó fẹ́ gbé kílò 130 lẹ́ẹ̀kan náà.

Àkànní: Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50. Àpò méjì àbọ̀, ó tún lé!

Àǹtí Bísí: Láìmúra sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú tí ojú ò tíì ṣẹ́. Bẹ́líìtì àga ọmọdé ló lè gbà á, ìyá ò lè gbà á.

Àkànní: Ẹ ṣàlàyé ọ̀kan tó ti ń dà mí láàmú látìgbà tí mo ṣèdánwò láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Highway Code, ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní tí mọ́tò bá ń sáré 20 máìlì ní wákàtí kan, mítà 6 ló máa lọ kí ẹsẹ̀ mi tó kan bíréèkì, á tún lọ mítà 6 kó tó dúró. Tó bá di 40, ti ẹsẹ̀ di 12, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ti bíréèkì di 24! Mo kàn há a sórí ni.

Àǹtí Bísí: Ipá bíréèkì ò pọ̀ sí i, eré ló di ìlọ́po méjì. Àkókò tí eré yẹn máa fi tán náà á di ìlọ́po méjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkọ̀ tún ń sáré ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Méjì lọ́nà méjì.

Àkànní: Mẹ́rin. 6 lọ́nà mẹ́rin, 24. Ẹ wò ó, látọdún yìí wá! Mọ́tò kékeré sì ni wọ́n ka iye yẹn fún, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ má bọ́ síwájú bọ́ọ̀sì tèmi lásìkò òjò o.

Àǹtí Bísí: Yìnyín ńkọ́?

Àkànní: Ẹ má rán mi létí. Ọdún tí mo dé, bàtà aláwọ̀ tí mo rà ní Balógun ni mo wọ̀ jáde. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì ti lọ.

Àǹtí Bísí: Òfin kẹta nìyẹn. Kí o tó lè rìn síwájú, ẹsẹ̀ rẹ ní láti ti ilẹ̀ sẹ́yìn, kí ilẹ̀ ti ìwọ náà síwájú. Yìnyín ò fún ẹsẹ̀ rẹ ní ibi tó máa dì mú.

Àkànní: Ó dáa tí a sọ èyí. Iṣẹ́ mìíràn ti dé lánàá. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè tààrà. Ní ibi tó ga dé jù, nígbà tí eré rẹ̀ tán pátápátá, ipá wo ló wà lára rẹ̀? Mo ní kò sí. Ṣebí ó dúró?

Àǹtí Bísí: Àkànní!

Àkànní: Mà?

Àǹtí Bísí: Ṣé òòfà ilẹ̀ gba ìsinmi ni? Kí ló ń dá a padà wá sílẹ̀?

Àkànní: Ọmọ ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí o.